Kíréètì Ẹyin Lórí Tábìlì Dókítà

Èmi ni mo kọ èébú tó wà lójú ewé kẹtàdínlógún nínú ìwé tí wọ́n fi okùn so mọ́ ògiri lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò wa. Mi ò sẹ́. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ sẹ́, ta ló tún ń kọ̀wé gbàgàdàgbagada bíi tèmi, tí ìlà mẹ́ta á gba ìdajì ojú ewé? Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí èébú yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọkọ mi ṣì wà láyé tó ń bá mi jiyàn.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ọdún méjìdínláàádọ́ta la ti jọ ń gbé. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Tó bá ti kẹ̀yìn sí mi báyìí, ó ti di "ó", bí ẹ ṣe ń rí i yìí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jọ pé Ọlọ́run kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ tèmi fún mi, mi ò sì fi ẹyọ kan ṣòfò níbẹ̀. Ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa súfèé. Tó bá ń fá pákó, á máa súfèé. Tó bá ń kan nǹkan, á ki ìṣó mẹ́ta bọ ẹnu, síbẹ̀ á máa súfèé gba àárín wọn. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ ṣáà máa ṣe é lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìṣó mì, ibi tó bá gbà jáde, èmi kọ́ ni màá lọ wò ó."

Nígbà tí ọmọ-ọmọ wa obìnrin lóyún, Káfíńtà ní òun máa kan ibùsùn fún ọmọ tó ń bọ̀. Ó ra pákó tó dára, ó kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kan ẹ̀gbẹ́ kan, ó bá dúró. Kí iṣẹ́ tó dúró ni ìfé ti kọ́kọ́ dúró. Mi ò tètè mọ̀, torí mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ó wá di pé á jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, á gbé ìfági lé itan, á máa wò ó bí ẹrù àlejò kan tí wọ́n ní kó bá àwọn mú dání. Tó bá fẹ́ dìde, á fọwọ́ ti ògiri. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sinmi lórí rẹ̀. Bí mo bá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, á tutù nini.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Láti ìgbà wo ló ti rẹ̀ yín?"

"Láti ìgbà tí o ti ń bèèrè."

Àkọ́bí wa wá sílé lọ́jọ́ kan, ó rí i bí bàbá rẹ̀ ṣe sùn sórí àga pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Olùkọ́ ni, ohùn kíláàsì kì í kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó fà mí lọ sí ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gba kámú. Dádì ti dàgbà. Ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Ilẹ̀ ni yàrá mi wà, kò sí àtẹ̀gùn. Àwọn irinṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa lò wọ́n."

"Irinṣẹ́ ta ni?"

"Màmá."

"Mo ní irinṣẹ́ ta ni? Ṣé ó ti kú ni?"

Mo pariwo mọ́ ọn débi pé ológbò ilé kejì sá. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún. Mi ò tilẹ̀ gé àlùbọ́sà lọ́jọ́ náà kí n rí nǹkan dì í rù.

Bí mo ṣe mú Káfíńtà lọ sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ atúnbàtàṣe ni ọ́fíìsì náà wà, ṣọ́ọ̀bù oníkọ́tìnì wà ní òdìkejì. Àga mọ́kànlá ló wà nínú yàrá ìdúró, ọ̀kan nínú wọn fẹsẹ̀ kan kúrú, àlejò ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ fún. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára ògiri tí wọ́n bó láwọ, tí ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà níta gbangba, tó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Lẹ́yìn fèrèsé ni obìnrin tó ń gba káàdì wà. Ẹ-Dúró-Ná ni gbogbo wa ń pè é, torí òun ni ìkíni rẹ̀. Ẹ káàárọ̀ o: ẹ dúró ná. Inú ń run mí: ẹ dúró ná. Mo rò pé bí iná bá ń jó aṣọ lára èèyàn, ohun tó máa sọ náà nìyẹn.

Dókítà àgbà tó mọ gbogbo wa ti fẹ̀yìn tì. Adelé kan ni wọ́n fi síbẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Mi ò lè júwe ojú rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo mọ̀: ó fẹ̀, ó ní àmì dúdú kan bí kóró ìbẹ́pẹ lápá òsì, ìdì irun kan sì wà níbẹ̀ tí abẹ onígbàjámọ̀ kì í bá. Tí wọ́n bá ní kí n wá ṣà á láàárín èrò, àfi kí gbogbo wọn kọ́kọ́ yí padà.

"Ẹ wọlé," ó wí fún kọ̀ǹpútà.

A wọlé, a jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ọwọ́ tó tutù, ìfé tó dákẹ́, ibùsùn ọmọ tó dúró sójú kan. Ó ń tẹ nǹkan lọ ní tirẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́tàléláàádọ́rin."

"Ọjọ́ orí ni. Wọ́n máa rọra sinmi. Kí wọ́n máa lo oògùn wọn lọ."

Bébà jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó nà án sẹ́yìn láìyíjú. Ó parí. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú ibùsùn ọmọ ṣòro kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé Káfíńtà dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó sọ fún ẹ̀yìn ọrùn náà pé, "Ẹ ṣé, sà."

Bí a ṣe jáde, mo lọ tààrà síbi ìwé yẹn. Ara ògiri ló so rọ̀ sí, bírò náà so mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ sára èèpo rẹ̀ pé: OHUN TÍ OJÚ YÍN RÍ LỌ́DỌ̀ WA, Ẹ KỌ Ọ́ SÍBÍ. Okùn rẹ̀ kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó kọ ìdí sí gbogbo èrò tó jókòó, tèmi kì í sì í ṣe ìdí tí èèyàn lè wò kọjá. Mo ka ohun táwọn ará iwájú kọ. Ẹnìkan ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì fúyẹ́, òun ò mọ̀gbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹnìkan ní dókítà àgbà máa ń bèèrè ajá òun lórúkọ, kí wọ́n bá òun kí i níbi tó bá wà. Ẹnìkan ní òun dúró títí orí tó ń fọ́ òun fi lọ fúnra rẹ̀, òun dúpẹ́. Mo tẹ́ ọwọ́ mi, mo kọ tèmi:

"Dókítà yín ní ojú, ẹ̀yìn ọrùn ló fi ń wo èèyàn. Mo mú ọkọ mi wá. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja inú fíríìjì. Kò súfèé mọ́. Dókítà yín kò fọwọ́ kàn án! Oògùn mẹ́ta ló ń lò láràárọ̀, funfun kékeré, pupa rúsúrúsú, yẹ́lò gígùn. Èmi ni mò ń kà á sínú kíréètì, kò fo ọjọ́ kan rí, síbẹ̀ ó ń tán lọ lójú mi. Ọjọ́ orí ni, ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí ìyá ta ni? Okùn ìwé yìí náà kúrú. Èmi, Ìyàwó Káfíńtà. Mi ò sá."

Mo nàró, mo tún aṣọ mi ró, a bá lọ sílé.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí fóònù tó dún.

"Màmá, láti ọ́fíìsì dókítà ni." Ẹ-Dúró-Ná ni. "Dókítà ní kí ẹ̀yin àti bàbá wá lọ́la ní aago mẹ́sàn-án."

"Kí ni mo ṣe?"

"Torí ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ni. Wọ́n sì ní kí ẹ kó gbogbo oògùn bàbá dání. Gbogbo ẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má tò ó, ẹ má ṣà á."

"Ṣé wọ́n fẹ́ gba oògùn náà lọ́wọ́ wa ni?"

"Ẹ dúró ná," ó wí, ó sì pa fóònù.

Kò sí dókítà mìíràn lágbègbè wa. Tí wọ́n bá fa káàdì wa ya, ibo ni mo fẹ́ gbé ọkùnrin tí kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́rin lọ? Mo sọ fún Káfíńtà. Ó la ojú kan.

"Mo ní kí o má kọ iṣẹ́ mi sí i."

"Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ mí nìyẹn, kí ni kí n kọ?"

"O ò bá kọ Ìyá Aláriwo. Wọ́n á ṣì mọ̀ ọ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé kíréètì yẹn. Kíréètì ẹyin ni, irú oníbébà líle yẹn, oníhò ọgbọ̀n. Ọgbọ́n orí èmi fúnra mi ni. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, màá jókòó síwájú tábìlì, màá ka oògùn Káfíńtà sínú ihò kọ̀ọ̀kan: ihò kan, ọjọ́ kan. Màá wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá mú ti ọjọ́ náà, màá gbé e fún un pẹ̀lú omi, màá dúró tì í títí gògóńgò rẹ̀ á fi lọ sókè tí á padà sísàlẹ̀. Ọdún mẹ́fà, mi ò fo ọjọ́ kan. Mo ti fi kíréètì yẹn yangàn fún gbogbo àdúgbò. Àwọn obìnrin méjì ti wá wò ó kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ tí mo bá fẹ́ bá èèyàn jà, mo gbé kíréètì náà dání bí ẹni tó ń gbé ẹyin gidi, a sì jáde. Ìrìn tí kò ju kí n sọ ìtàn kan tán lọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Káfíńtà dúró: lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkọ́tìnì, àti lórí bẹ́ǹṣì atúnbàtàṣe.

"Bàbá, ṣé bàtà ló ń dùn yín ni?" ọkùnrin náà bi í.

"Ẹsẹ̀ ni. Ṣé ìwọ náà máa ń tún un ṣe?"

Àwàdà àkọ́kọ́ tó dá láàárín oṣù kan nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹ̀rù ń bà mí.

A jókòó nínú yàrá ìdúró. Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọbìnrin kékeré kan yọjú, ó wọ bàtà kánfáàsì funfun. Mo rò pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ni. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, kò pe nọ́ńbà, orúkọ Káfíńtà ló pè. Kò wá ràn án lọ́wọ́, kò sì wọlé padà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó: bó ṣe fi ọwọ́ ti orúnkún, bó ṣe dìde, bó ṣe dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, ìṣísẹ̀ méje tó gbé. Ó wò ó bí Káfíńtà fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wo pákó kó tó fi ayùn kàn án.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ káàbọ̀, màmá. Èmi ni dókítà tuntun."

Mo ti ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. "Dókítà, tó bá jẹ́ torí ọ̀rọ̀ 'ìyá ta ni' yẹn ni, inú ló bí mi. Ìyá mi náà kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo fúnra mi kọ́ ọ ni, àmọ́ okùn yẹn kúrú lóòótọ́..."

"A máa dé orí ìyẹn, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí bàbá."

Ó ti kọ̀ǹpútà sápá kan, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Ó fa àga rẹ̀ wá títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Káfíńtà. Ó gbé ọwọ́ tó tutù yẹn lé itan ara rẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré."

Mo dákẹ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí. Ìṣẹ́jú kan gbáko! Mi ò mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ bí atúnbàtàṣe ṣe ń lu bàtà lẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ ìmí ara mi. Ọmọbìnrin yẹn kò mira. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ ju ọwọ́ ọkọ mi lọ, àfi bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn tí kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun létí. Ọdún mélòó ni mo ti di ọwọ́ yẹn mú? Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti yọ ẹ̀gún pákó lára rẹ̀, mo ti gbá a dànù níbi tí kò yẹ kó dé. Mi ò mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀.

"Méjìdínlógójì," dókítà wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ni?"

"Iye ìgbà tí ọkàn bàbá lù láàárín ìṣẹ́jú náà. Ó yẹ kó tó ọgọ́ta, ó kéré tán."

Ó yọ okùn olórí-méjì tí àwọn dókítà máa ń gbé kọ́rùn, ó gbé e sí Káfíńtà láyà, ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò rí rí láyé mi. Ó yọ ọ́ létí ara rẹ̀, ó fi í sí èmi létí.

"Ẹ gbọ́ ọ, mà."

Ohun gbogbo nínú yàrá náà pòórá. Gbì. Kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan. Mo rò pé ó ti tán. Gbì. Ó dà bí ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lórí, tó ń dúró lórí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti rò ó bóyá kí òun gbé ọ̀kan sí i. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń fọ̀, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kò sinmi ọjọ́ kan. Orí mi wú. Omi ń ṣàn lójú mi, mi ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wo kíréètì yẹn," dókítà wí.

Mo gbé e sórí tábìlì. Síbẹ̀, ìgbéraga wọ̀ mí díẹ̀. Èèyàn ò ní ṣàìlálèébù. Ó wò ó pẹ́. Ó mú oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ihò kan, ó tò wọ́n sórí bébà funfun. Ó fi ìka ti pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi funfun kékeré ti yẹ́lò gígùn, wọ́n wá dùbúlẹ̀ bí ọkọ àti ìyàwó.

"Màmá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé oògùn mẹ́ta ni bàbá ń lò. Nínú fáìlì wọn, méjì ni. Ìyẹn ni mo ṣe pè yín. Yẹ́lò yìí, ìgbà wo ló dé?"

"Ó tó oṣù mẹ́ta. Adelé yẹn ló kọ ọ́ kún un."

"Kò kọ ọ́ kún un, mà. Funfun ló tán nílé oògùn, ó fi yẹ́lò rọ́pò rẹ̀. Oògùn kan náà ni, ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe wọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú kí ọkàn rọra lù, kí ẹ̀jẹ̀ ríru lè wálẹ̀. Ìlọ́po méjì ni bàbá ń lò. Ṣùgbọ́n funfun ti tán, níbo lẹ ti ń rí i?"

Níbo ni mo ti ń rí i? Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni! Ibẹ̀ ni mo ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí: ọṣẹ, ìṣáná, àbẹ́là, iyọ̀. Mo ti ń tọ́jú páálí oògùn funfun síbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, bóyá ọjọ́ kan á wọ́n. Páálí márùn-ún ló kù níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wá rántí ọjọ́ tí adelé yẹn kọ yẹ́lò. Ó sọ nǹkan kan lóòótọ́, ó sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. Èmi náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Mò ń sọ ti orúnkún mi fún un, mo sì ti fẹ́ bọ́ sórí ti eku tó wọ ilé ìdáná wa. Òun ń bá gíláàsì sọ̀rọ̀, èmi ń bá ẹ̀yìn ọrùn sọ̀rọ̀, ọkọ mi wà láàárín.

"Èmi ni," mo wí. "Ọmọ mi, èmi ni mo ń pa á. Láràárọ̀. Mo sì ń dúró tì í kó gbé e mì."

Mo ti gbàgbé láti máa pè é ní dókítà. Kò bínú. Ó di ọwọ́ mi mú bó ṣe di ti Káfíńtà mú.

"Ẹni tó yẹ kó kọjú sí yín kó sọ ọ́ yé yín kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ àṣìṣe tiwa sílẹ̀, mo sì máa fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Tiyín ni pé ẹ ò bèèrè. Ṣùgbọ́n màmá, ẹni tó ń wò dáadáa nìkan ló lè bú èèyàn kó tún rántí àwọ̀ oògùn."

Káfíńtà gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

"Dókítà," ó wí, "ìyàwó mi kì í fo ọjọ́ kan."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbèjà mi ni àbí ó ń fẹjọ́ mi sùn. Títí dòní, mi ò mọ̀.

Wọ́n lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì ya ìrìn ọkàn rẹ̀ sórí bébà gígùn: òkè kékeré kan, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbọọrọ, òkè kékeré kan. Dókítà pe àwọn oníṣègùn ọkàn ní ilé ìwòsàn ńlá, mọ́tò wá gbé wa. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ níbẹ̀. Wọ́n ní kó má fẹnu kan funfun, kó má fẹnu kan yẹ́lò, títí ara rẹ̀ á fi fọ ohun tó pọ̀ jù dànù. Àkọ́bí wa wá bá wa níbẹ̀. Ó ti múra láti bá mi wí, mo rí i lójú rẹ̀. Mo ní, "Mo ti bá ara mi wí tán. Lọ bá wa wá omi." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a délé, mo wà ní yàrá, mò ń pa aṣọ, mo gbọ́ tí kẹ́tù ń hó, tó ń ké fíì, ní ilé ìdáná. Mo pariwo pé ta ló gbé omi kaná tó sì fi í sílẹ̀. Mo sáré lọ. Iná kò sí lábẹ́ kẹ́tù. Kẹ́tù tutù. Mo dúró láàárín ilé ìdáná, aṣọ lọ́wọ́ mi, ìró náà sì ń bá a lọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín ìṣó kọjá. Mi ò jáde. Mo bẹ̀rù pé tí mo bá jáde, màá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Káfíńtà kò dúró ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ́tìnì. Èmi ni mo dúró, mo díbọ́n pé kọ́tìnì ni mò ń wò, orúnkún mi ló ń dùn mí. Nígbà tí a débẹ̀, mo yọ́ lọ síbi ìwé, mo ṣí ojú ewé kẹtàdínlógún, mo fẹ́ rọra fà á ya.

"Màmá, ẹ dúró ná!"

Mo fò sókè. Ẹ-Dúró-Ná ti na orí jáde lójú fèrèsé.

"Ẹ má ya á o. Adelé yẹn náà ti ní kí n ya á. Ọjọ́ tó kà á, ó ní kí n fà á yọ kó tó di pé ẹnìkan rí i. Mo ní, ẹ dúró ná, sà. Títí ó fi lọ, mo ní kó dúró ná." Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí eyín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. "Ọjọ́ tí dókítà tuntun dé, ìwé yẹn ló kọ́kọ́ bèèrè fún. Ó kà á láti ojú ewé kìíní."

Mo wo ìwé náà. Lábẹ́ gbàgàdàgbagada tèmi, ẹnìkan ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé: "A jẹ̀bi. Láti òní lọ, a kò ní pààrọ̀ oògùn ẹnikẹ́ni láìgbé ti àná àti ti òní sójú kan náà fún un, kí a sì wojú rẹ̀ sọ ọ́." Lábẹ́ ìyẹn: "A ti fi kún okùn." Mo wò ó: okùn náà ti gùn. Mo nàró ṣánṣán kọ "Ẹ ṣé o," ìdí mi ò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nínú yàrá, dókítà tún fi ìka mẹ́ta kan ọwọ́ Káfíńtà. Mo dákẹ́ kó tó bẹ̀ mí.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ó wí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa bèèrè. Mo kàn na ọwọ́. Ó mọ̀, ó yọ okùn náà lọ́rùn, ó fún mi. Gbì-gbì. Gbì-gbì. Gbì-gbì. Kò rò ó mọ́. Ó ń rìn lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, tí iṣẹ́ ń dúró dè níbẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tó kù nínú ibùsùn ọmọ tuntun, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó kù ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbọ́ ọ títí dókítà fi wo aago.

"Ẹ fún mi," Káfíńtà wí fún dókítà.

Ó gba okùn náà, ó ki í bọ etí ara rẹ̀ bí ẹni tó ti ń ṣe é látayébáyé, ó gbé orí okùn náà sí mi láyà níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ó dijú, ó gbọ́ ọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

"Kí lẹ gbọ́?"

Ó yọ ọ́ kúrò létí, ó dá a padà fún dókítà.

"Ariwo," ó wí. "Níbẹ̀ náà, ariwo ni."